Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Nínú Àwòrán

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, fóònù Sìsì Fóònù kọ̀ láti mọ ojú rẹ̀.

Àpótí kékeré kan wà nínú kámẹ́rà fóònù náà, aláwọ̀ ìyeyè, tó máa ń dì mọ́ ojú èèyàn bí èèyàn bá ti bọ́ síwájú rẹ̀. Ojú ọmọdé, ojú àgbà, kódà ojú ọmọ tí wọ́n yà sára agolo mílíìkì, kò sí èyí tí kì í mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sìsì Fóònù yí kámẹ́rà sí ara rẹ̀ láti wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí, àpótí náà rìn kọjá lójú rẹ̀, ó lọ dì mọ́ kálẹ́ńdà tó wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ó nu ojú kámẹ́rà. Kálẹ́ńdà ni. Ó bọ́ kálẹ́ńdà sílẹ̀. Àpótí náà lọ dì mọ́ ojú ìṣó tí wọ́n fi kọ́ kálẹ́ńdà.

Inú bí i. Fóònù yẹn ló fi ń jẹun, òun náà ló sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí, kí ẹ má baà rò pé eré ni. Kámẹ́rà ńlá, èyí tí lẹ́ńsì rẹ̀ tóbi bí ife, bó bá ti mú ojú èèyàn, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn onítọ̀hún á ṣe bàìbàì fúnra rẹ̀. Iná tó bá wà lọ́hùn-ún á wú, á di roboto roboto. Ohun tí àwọn oníbàárà ń fẹ́ nìyẹn. Kámẹ́rà kékeré kò lè ṣe é. Gbogbo nǹkan ló ń rí: ó rí ojú rẹ, ó rí garawa ẹ̀yìn rẹ, ó rí ṣòkòtò tí ará ilé rẹ sá sórí okùn. Nítorí náà, bí Sìsì Fóònù bá ti ya èèyàn tán, á jókòó, á fi ìka gé onítọ̀hún yọ kúrò lára ẹ̀yìn rẹ̀, irun kan tẹ̀lé irun kan. Lẹ́yìn náà ni yóò pa ẹ̀yìn rẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí èyí tó jìnnà ṣe bàìbàì ju èyí tó sún mọ́ lọ. Yóò wá mú iná kọ̀ọ̀kan, yóò fẹ̀ ẹ́ di roboto. Irọ́ ni, mo gbà. Àmọ́ irọ́ náà dùn ún wò.

"Màámi, ẹ wò mí dáadáa. Ṣé kò sí nǹkan kan lójú mi?"

Ìyá rẹ̀ wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, níbi tó ti máa ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù fún àwọn aránṣọ àdúgbò. Ó gbé ojú sókè, ó sì wò ó láti inú jígí ojú rẹ̀.

"Oorun ló wà lójú ẹ. Lọ bọ́jú."

Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ti jọ ṣe àdéhùn àwòrán wọlé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Sìsì Fóònù dúró síwájú rẹ̀ gan-an, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Màámi, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé Sìsì Fóònù ò tíì dé ni?"

"Ta wá ni ìyẹn níwájú ẹ?"

Nọ́ọ̀sì náà wo ògiri, ó rẹ́rìn-ín ẹni tí kò mọ ohun tí ì bá sọ. "Kò burú, Màámi. Màá padà wá."

"Èmi rèé! Nọ́ọ̀sì! Èmi rèé!" Sìsì Fóònù pariwo débi tí iṣan ọrùn rẹ̀ yọ.

Nọ́ọ̀sì ti dé ojú ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín rédíò yẹn kù. Yóò ba etí yín jẹ́."

Kò sí rédíò kankan nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

*

Ní òdìkejì títì, Ọ̀gá Lẹ́ńsì ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ohun tó ṣe sí obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó rọra fa kọ́tìnnì náà dé.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi tán. Ọkùnrin yìí ti gbé kámẹ́rà ńlá kọ́rùn títí ọrùn rẹ̀ fi tẹ̀. Ó mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ inú lẹ́ńsì, ó mọ ìgbà tó yẹ kó ṣí i àti ìgbà tó yẹ kó pa á dé. Ọmọbìnrin kan wá gbé fóònù dé iwájú ilé rẹ̀, ó ń fi ìka ya irọ́, àwọn èèyàn sì ń tò síbẹ̀. Ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Ohun tó dùn ún ni pé ó fi àléébù irọ́ náà hàn wọ́n, wọn kò sì bìkítà.

Kó tó di àárọ̀ yẹn, ohun tó lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ nìyẹn, bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Òkùnkùn, nítorí pé inú yàrá dúdú ló ti fọ fọ́tò dàgbà, láyé ìgbà tí fíìmù ṣì wà. Ọ̀sán gangan ni, àmọ́ kò sí ọ̀sán nínú yàrá náà. Gílóòbù pupa kan ṣoṣo ló ń tàn, òórùn omi fọ́tò àtijọ́ sì wà nínú ògiri.

"Bàbá, mo ní kí wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ orí. Mo ní ẹ wò ó, yẹtí kan wà, èkejì ti bá ẹ̀yìn lọ! Wọ́n ní, 'Ọ̀gá, ó ṣáà wuyì.' Ó ṣáà wuyì, Bàbá! Ṣé ọ̀rọ̀ nìyẹn?"

"Ṣé kó kú ni o fẹ́?"

"Háà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Kí wọ́n ṣáà má rí i mọ́."

Bàbá Òkùnkùn rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyẹn rọrùn ju ikú lọ. Àwọn èèyàn kì í fẹ́ẹ́ rí ara wọn tẹ́lẹ̀."

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú ike kékeré kan tí wọ́n ń kó fíìmù sí nígbà kan. Nǹkan dúdú kan wà nínú rẹ̀ tó ń dán bí ọ̀dà.

"Fi ra etí lẹ́ńsì rẹ. Má jẹ́ kó kan dígí. Ṣí lẹ́ńsì náà gbayawu, kí o wá nǹkan sí iwájú, ewé ni o, irin ni o, òun ni kí kámẹ́rà mú. Kí obìnrin náà wà lẹ́yìn. Nígbà tó bá ti ṣe bàìbàì débi tí o kò mọ imú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹnu mọ́, pè é, kí o tẹ̀ ẹ́. Kí lorúkọ ìyá rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Màámi ni gbogbo wa ń pè é."

Bàbá arúgbó náà mi orí. "Ojú gbogbo ayé ni yóò fò ó, àfi ojú ìyẹn. Ihò kan ti kù nínú iṣẹ́ yìí. Bí atẹ́gùn bá gba ibẹ̀ wọlé, má wá bá mi."

Irin ojú fèrèsé ilé rẹ̀ ni Ọ̀gá Lẹ́ńsì lò. Kámẹ́rà mú ìpẹtà ara irin náà kedere. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ní òdìkejì títì, Sìsì Fóònù ń gbálẹ̀, ó sì ń yọ́ lọ bí iyọ̀ inú omi. Ọ̀gá Lẹ́ńsì pè é. Ó tẹ̀ ẹ́.

*

Ó burú sí i. Bọ́ọ̀sì kò dúró fún Sìsì Fóònù mọ́. Ní ibi tí wọ́n ti ń tò ra búrẹ́dì, èèyàn ń wá dúró sí iwájú rẹ̀ bí ẹni pé àlàfo ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá kí ìyá wọn, ó béèrè àbúrò rẹ̀, ó sì jókòó lé ẹsẹ̀ àbúrò náà lórí àga gígùn láìmọ̀.

"Mo ti pè é, kò gbé e," ẹ̀gbọ́n náà ń ṣàròyé. "Ọmọ yìí ti ń gbéra ga o, Màámi."

Sìsì Fóònù sunkún ìbínú. Ó ju àga, ó kọ lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà sára ilẹ̀kùn pé òun wà nínú ilé, àwọn oníbàárà ka lẹ́tà náà, wọ́n wọlé, wọn kò rí ẹnì kan, wọ́n jáde. Kí lèèyàn tún fẹ́ ṣe? Bí wọ́n bá kórìíra rẹ, ìwọ náà lè kórìíra wọn padà. Èyí kì í ṣe ìkórìíra. Wọ́n ń wá a, wọ́n tiẹ̀ ń sọ pé àárò rẹ̀ ń sọ àwọn, ó sì wà níwájú wọn.

Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù.

"Èmi ń rí ẹ," Màámi sọ, ó já òwú pẹ̀lú eyín. "Mo tiẹ̀ ń rí i pé o ò ya irun ẹ. Dìde, wọ bàtà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán."

*

Ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ni obìnrin tí Màámi mú un lọ bá ti ń rán bàtà, lábẹ́ agbòòrùn tó ti ya. Ìyá Aránbàtà ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan máa ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láìmú bàtà dání, wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Kò rí Sìsì Fóònù. Màámi ló bá sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní bàtà ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà, ó gbóòórùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀ kíá.

"Ẹni tó ni bàtà yìí wà níbí?"

"Ẹ̀gbẹ́ mi ló dúró sí."

"Wọ́n ti yà á sẹ́yìn nǹkan." Ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. "Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́, àmọ́ kò mọ ilé yín. Ẹ gbọ́, Màámi. Àwòrán ni wọ́n fi dè é, àwòrán náà ló máa tú u. Kó lo kámẹ́rà kékeré ọwọ́ rẹ̀ yẹn. Kámẹ́rà kékeré kì í yan ojú, iwájú àti ẹ̀yìn dọ́gba lọ́dọ̀ rẹ̀. Kó ya ara ẹ̀ nírọ̀lẹ́, nígbà tí iná bá ti tàn. Kí ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rí i jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nínú àwòrán, kí ẹ máa wò ó. Ojú yín ni àwọn tó kù máa fi rí i."

Ó wọ́n ẹ̀bù oògùn díẹ̀ sínú bébà, ó ká a. "Kó fi pa ojú kámẹ́rà. Bó bá ti yà á, kó tẹ̀ ẹ́ jáde, kó gbé e kọ́ síta bó ṣe wà. Kó má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ẹ̀kan ni à ń ṣe é, kò sí ẹlẹ́ẹ̀kejì."

"Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá mo lè tún iná ẹ̀yìn ṣe díẹ̀," Sìsì Fóònù sọ.

Màámi bi í. Ìyá Aránbàtà la òòlù mọ́ ìṣó bàtà kan, ó sì dojú kọ afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi.

"Kó má fọwọ́ kàn án!"

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ṣọ́ọ̀bù tan iná. Ọkọ̀ ń kọjá pẹ̀lú iná iwájú wọn. Sìsì Fóònù gbé fóònù sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ó fi ẹ̀bù náà pa ojú kámẹ́rà, Màámi sì gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn ọmọ rẹ̀.

"Ṣé kí n rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ ṣáà máa wò mí, Màámi."

Àpótí náà yọ. Ó kọ́kọ́ dì mọ́ ojú ìyá. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ̀n rìrì, ó sì ń rìn bọ̀ níwájú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dì mọ́ ojú Sìsì Fóònù. Igbe ayọ̀ ni obìnrin náà ké. Kámẹ́rà dún.

Màámi wọlé lọ sinmi. Sìsì Fóònù jókòó láti wo ohun tó yà.

Ẹ̀yin ará, àwòrán náà kò dára. Garawa wà níbẹ̀. Wáyà iná ta kọ́lọkọ̀lọ lórí wọn. Sálúbàtà Màámi kan dojú bolẹ̀, ẹnu Màámi là sílẹ̀, òwú sì wà láàárín eyín rẹ̀. Ó mọ́ kedere, láti irun ojú Sìsì Fóònù títí dé bọ́tìnnì tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Àwòrán yìí ni kó gbé kọ́ síta, kí gbogbo àdúgbò fi ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là wò ó? Kí Ọ̀gá Lẹ́ńsì dúró lójú fèrèsé rẹ̀, kó dọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín pé ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀?

"Díẹ̀ báyìí ni," ó sọ fún ara rẹ̀.

Ó ń bí mi nínú láti sọ èyí. Wọ́n bá a sọ ọ́, ó gbọ́, ó sì yé e. Ṣùgbọ́n ẹ fún oníṣẹ́ ọwọ́ ní iṣẹ́ tí kò tíì dán, kí ẹ ní kó má dán an. Ó kọ́kọ́ kàn gé ara rẹ̀ yọ, láti wò ó lásán ni. Ó wá rí i pé etí méjèèjì pé, kò sí irun kan tó ṣẹ́ kù. Ó pa garawa rẹ́. Ó pa wáyà rẹ́. Kó má baà dà bí irọ́, ó jẹ́ kí ilẹ̀ tó sún mọ́ ọn hàn díẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó máa ṣe bàìbàì bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, títí gbogbo ohun tó wà lórí àga fi di ègé aṣọ aláwọ̀ kọfí kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná. Ó kọ́kọ́ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di funfun báláú kí ó tó fẹ̀ ẹ́, nítorí bí o kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, eérú ni yóò dà. Gílóòbù ṣọ́ọ̀bù, iná ọkọ̀, gbogbo wọn di roboto. Iná kéékèèké méjì kan wà láàárín àwòrán, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Jígí ojú ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti ń tàn. Ó fẹ̀ àwọn náà.

Kò tíì ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Fóònù sọ fún un pé àyè ti kún, ṣé kí tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀? Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

*

Kò tíì pẹ́ tó gbé e kọ́ síta ní àárọ̀ tí nọ́ọ̀sì fi dé. "Háà, Sìsì Fóònù! Níbo lo sá lọ?" Aránṣọ dé, ó dì mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dé, ó bá a jà, ó sì nu omi ojú nù. Gbogbo wọn ń wo àwòrán náà, wọ́n ń pariwo pé ó wuyì. Ó ya èèyàn títí batìrì fi kú, ó fi wáyà iná sí i, ó tún ń yà.

Ọ̀gá Lẹ́ńsì náà wá dúró síwájú àwòrán yẹn nígbà tí èrò dín kù. Ó yẹ ẹ̀gbẹ́ orí wò. Ó yẹ yẹtí wò, ó yẹ àárín ìka. Kò rí àléébù. Ó lọ, ó tún padà wá, orí rẹ̀ sì ń gbóná.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ kí Sìsì Fóònù tó rántí pé òun kò tíì gbọ́ ohùn ìyá òun.

"Màámi?"

Àga wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀wù tí wọ́n ń rán bọ́tìnnì sí wà lórí rẹ̀. Ó wo inú yàrá, ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i. Ó béèrè lọ́wọ́ aránṣọ, aránṣọ ní òun rò pé ó wà nínú ilé. Ta ló tún mọ iṣẹ́ àwòrán ní àdúgbò yìí bí kò ṣe ọkùnrin òdìkejì títì? Ó tún ti dé nìyẹn! Ó fò títì kọjá láìwo ọkọ̀, ó sì di Ọ̀gá Lẹ́ńsì mú lọ́rùn ẹ̀wù.

"Kí lẹ ṣe ìyá mi?"

"Ìyá ẹ kẹ̀? Mi ò tiẹ̀ mọ orúkọ ìyá ẹ! Ìbá ṣe pé mo mọ̀ ọ́n ni..." Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ṣùgbọ́n ó ti jáde.

"Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin náà ni!"

"Èmi ni mo ṣe ti àkọ́kọ́. Mo jẹ́wọ́. Èyí kì í ṣe èmi, mo fi ìyá tó bí mi búra." Ojú rẹ̀ ti kọjá èjìká obìnrin náà lọ sí òdìkejì títì, síbi tí àwòrán náà wà. Láti àárọ̀ ló ti ń wo ẹni tó wà níwájú nínú rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ẹ̀yìn ni. "Sìsì Fóònù. Ta ni ìyẹn?"

"Èwo?"

"Ẹni tó jókòó lẹ́yìn ẹ. Ẹni tí o pa rẹ́ yẹn."

Ọwọ́ obìnrin náà bọ́ kúrò lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀.

*

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Sìsì Fóònù jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé fóònù sórí itan. Ó ń fa àwòrán náà padà. Ó mú kí ó mọ́ sí i, ó ṣe hóró hóró. Ó tún mú kí ó mọ́ sí i, hóró náà di òkúta. Níbi tí ojú yẹ kó wà, iná roboto méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n funfun, wọn kò ní nǹkan kan nínú.

Ọ̀gá Lẹ́ńsì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tó yẹ kó fi ọwọ́ sí. "Ohun tí a bá ti pa rẹ́ kì í padà. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

"Ẹ bá mi ya òmíràn! Wọ́n ní kí ẹni tó ń rí i jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbé kámẹ́rà yín wá!"

"Mo lè yà á. Ta ló ń rí ìyá ẹ báyìí, tó máa jókòó sẹ́yìn rẹ̀?"

Sìsì Fóònù fi ìka nu ojú fóònù, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà á padà, ó ń ṣépè lábẹ́nu. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà lọ.

Màámi wà lórí àga rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀, ó ti pe ọmọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó fi ẹ̀wù sílẹ̀, ó dìde pẹ̀lú eékún tó ń ro ó, ó sì wá dúró lẹ́yìn ọmọ náà. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Fi sílẹ̀," ó sọ. "Fi sílẹ̀ ná, kí o jẹun."

Sìsì Fóònù gbọ̀n díẹ̀, bí ẹni tí atẹ́gùn fẹ́ sí. Ó fa ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ra, ó dìde, ó sì lọ ti fèrèsé.